Búrẹ́dì Ọjọ́ Kẹwàá Ààwẹ̀

Ta ló sọ pé àìsàn nìkan ló ń pa ènìyàn? Ojú ayé ń pa á ju àìsàn lọ. Ọdún kẹfà rèé tí Munirat ti ń bá àtọ̀gbẹ yí, àárọ̀ àti alẹ́ ló ń gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́, kò sì kú. Ohun tó fẹ́ẹ́ pa á ni ààwẹ̀ ọdún yìí, nígbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ dé láti Ìsẹ́yìn, tí wọ́n ní àwọn á bá wọn gbààwẹ̀ nílé wọn ní Ladi-Lak.

Dókítà ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀. Àwọn alùfáà gan-an sọ pé Ọlọ́run ti yọ̀ǹda aláìsàn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún Màámi pé aláìsàn lòun? Yísà, ọkọ rẹ̀, ti bẹ̀ ẹ́ kí màmá náà tó dé pé kó má sọ ọ́. Ó ní bí Màámi bá gbọ́ àtọ̀gbẹ pẹ́nrẹ́n, wọ́n á ní ohun tí kò jẹ́ kó rí oyún rèé, wọ́n á sì mú ìyàwó mìíràn wá fún òun láti ilé. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n sì ti fẹ́ra láìrọ́mọ bí. Munirat gbà. Kí ni ì bá ṣe?

Ló bá di olè oúnjẹ. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń bẹ nínú fíríìjì Ìyá Wonder, aládùúgbò wọn. Bó bá dé ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Ṣómólú, níbi tó ti ń lẹ ìwé pọ̀ fún àwọn atẹ̀wé, á wọ ẹ̀yìn òkìtì bébà, á jẹun kíákíá, á nu ẹnu. Nírọ̀lẹ́, á bá Màámi ṣínu. Àdúrà tí màmá náà ń ṣe fún un lórí ààwẹ̀ tí kò gbà ń dùn ún ju abẹ́rẹ́ lọ. Balùwẹ̀ ló ti ń sunkún.

Lọ́jọ́ kẹwàá, nǹkan oṣù rẹ̀ dé. Ẹ wo obìnrin tó yẹ kó bara jẹ́, inú rẹ̀ ń dùn! Obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù kì í gbààwẹ̀, Màámi alára mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lónìí, á jẹun nínú ilé ara rẹ̀ láìjí i jẹ. Ó gún abẹ́rẹ́ tán lọ́dọ̀ Ìyá Wonder, ó padà sílé, ó jókòó ní kíṣìnnì, ó bu búrẹ́dì sẹ́nu.

Ibẹ̀ ni Màámi bá a. Ó la ẹnu láti ṣàlàyé, ṣùgbọ́n tẹ̀sùbáà ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wo búrẹ́dì, wọ́n wo ikùn rẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì tòun ti eékún tó ń ro wọ́n.

"Alihamudulilahi. O ti lóyún, o ò sì sọ fún mi."

Wọ́n fà á mọ́ra. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń pè é ní "ìwọ yìí". Lónìí wọ́n pè é ní ìyá mi. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu Munirat kò ju gbólóhùn kan lọ: nǹkan oṣù mi ló dé, mà. Ó gbé e mì pẹ̀lú búrẹ́dì. Òmùgọ̀ ni, àbí? Ẹ̀yin tí ẹnikẹ́ni ò pè lágàn rí, ẹ lè sọ bẹ́ẹ̀.

Màámi pe Yísà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Onípanu. Munirat rò pé Yísà tó mọ ohun gbogbo yóò kọ́kọ́ béèrè ìlera òun. Nígbà tí wọ́n gbé fóònù fún un, ẹkún ayọ̀ ni Yísà ń sun.

"Munirat, o ò lè mọ ohun tí o ṣe fún mi. Ojú ti ọ̀tá."

Ó dá fóònù padà fún Màámi. Kò sí ẹnìkan mọ́ tó lè sọ òtítọ́ fún. Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ ń bá a. Irọ́ ikùn kì í tilẹ̀ pé oṣù mẹ́rin.

Màámi ti po tíì dé, ó ki fún mílíìkì, kóró ṣúgà mẹ́fà ló sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ ń fẹ́ ohun dídùn, kó má ṣẹ́kù. Wọ́n dúró tì í.

Munirat rántí dókítà. Ó rántí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tí kò mọ gbígbóná yàtọ̀ sí tútù mọ́. Ó wo ojú Màámi. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ife náà, ó ní ẹ ṣé, mà, ó sì mu ún tán.