Àwọn Ọmọ Àyálò

Amọ̀ pupa ni Ìyá Olùkọ́ ń fi ìdí ṣíbí ha kúrò láàárín ìka ẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà. Ilẹ̀ dúdú ló wà lórí òkè níbí. Ìsàlẹ̀ odò ni wọ́n ti ń tẹ amọ̀ pupa. Alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ tó bá lójú nílẹ̀ yóò ka ẹsẹ̀ ọmọ bí ẹni ń ka ìwé.

"Ó ń dùn mí, Mà."

"Jẹ́ kó dùn ọ́. Níbo ni ilé yín wà?"

Ọmọ náà kàn na ìka sí máàpù ìpínlẹ̀ tó wà lára ògiri ni, kò tilẹ̀ wojú rẹ̀. "Ibẹ̀ yẹn, Mà. Lápá òkè odò, níbi tí ọ̀nà ti pẹ̀ka."

"O káre!"

Irọ́ ni. Ẹ̀yìn àpáta nílé ọmọ náà wà, níbi tí àbúrò Ìyá Olùkọ́ ti ń kọ́ àwọn ọmọ ìsàlẹ̀ odò. Òfin ìpínlẹ̀ ni pé ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ rẹ̀ kò bá pé ogún, títì ni. Wọn a kó àwọn ọmọ ibẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ńlá inú ìlú, kí wọ́n máa gbé ibẹ̀, ó di ìsinmi kí ìyá tó fojú kàn wọ́n. Ti Ìyá Olùkọ́ kò ju mọ́kànlá lọ. Ti àbúrò rẹ̀ náà kò pé. Bí alábẹ̀wò bá ń gòkè bọ̀, àbúrò a kó tirẹ̀ gba inú pàlàpálá àpáta wá láàárọ̀ kùtù. Bó bá sì kan ìsàlẹ̀, ẹ̀gbọ́n a dá oore padà.

"Ẹ̀gbọ́n mi," àbúrò a máa rẹ́rìn-ín, "bá a bá yá ara wa lọ́mọ, ilé-ẹ̀kọ́ méjì ni wá. Bá a bá ṣòótọ́, kò sí èyí tó pé ọ̀kan nínú wa."

Alábẹ̀wò tuntun ni ti ọdún yìí. Òkìkí rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé: máàpù ló fẹ́ràn, ibi tílé ọmọ wà ló sì máa ń bi í. Látìgbà tí Ìyá Olùkọ́ ti gbọ́ ni àwọn ọmọ àyálò ti ń wá ní gbogbo Sátidé, tí wọ́n ń na ìka sí ojú kan náà lára máàpù títí ó fi mọ́ wọn lára. Bí àyè bá fún, Ìyá Olùkọ́ a lé àwọn ọmọ tirẹ̀ síta kí wọ́n lọ gbálẹ̀. Ta ló ń júwe ilé baba ọmọ fún ọmọ?

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn tó ń gbálẹ̀ wọ̀nyẹn. Ìyá ọmọ náà ti gbé nínú ilé-ẹ̀kọ́ ìlú rí. Ibà tó kó níbẹ̀ kò fi í sílẹ̀ títí ó fi bí ọmọ yìí tó sì kú. Ìdí rèé tí ìyá àgbà kò fi kọ̀ láti fi ṣíbí ha ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ.

Alábẹ̀wò dé. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó mọ̀wàá hù. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí Ìyá Olùkọ́, ó ka àwọn ọmọ, wọ́n pé. Ó jókòó, ó fa ọ̀bẹ kékeré yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó ọsàn.

"Ìwọ tó o wà níwájú. Fi ilé yín hàn mí."

Ọmọbìnrin náà fò dìde, ó fìka lé e gẹ́lẹ́. Ẹnì kejì rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnì kẹta náà. Ọkàn Ìyá Olùkọ́ balẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Mà," ni alábẹ̀wò wí. Ó wá fi ọ̀bẹ júwe ẹ̀yìn yàrá. "Ìwọ tó ò ń fara pamọ́ yẹn ńkọ́?"

Ọmọ-ọmọ Ìyá Olùkọ́ ni. Ó rìn wá síwájú, ó wo máàpù náà lókè, ó wò ó nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí fèrèsé, ó na ọwọ́ síta. "Ilé wa nìyẹn, ibi tí èéfín ti ń rú."

Yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ àyálò iwájú ló rín in jù.

"Lórí máàpù, ọmọ dáadáa."

Ó fìka lé àárín òkun.

Alábẹ̀wò kò rẹ́rìn-ín. Ó pe àwọn tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹni tó mọ̀ ọ́n, apá ọ̀tún, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, tó na ọwọ́ sí fèrèsé, apá òsì. Ó jẹ ọsàn rẹ̀ délẹ̀.

"Ẹ bá mi ka àwọn ti apá òsì, Mà. Ẹ kà á sókè."

Ìyá Olùkọ́ kà wọ́n. Ohùn rẹ̀ já ní orí ìkọkànlá.

"Mi ò rí irú èyí rí," ni alábẹ̀wò wí jẹ́jẹ́. "Àwọn àlejò ló mọlé, àwọn onílé ò mọ̀ ọ́n."

"Ọ̀gá, ẹ dákun." Orúnkún rẹ̀ ti kanlẹ̀. "Ẹ wo ewú orí mi."

"Ẹ dìde, Mà, àwọn ọmọ ń wò yín." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọ ọsàn mìíràn, ó bù ú fún ọmọ-ọmọ Ìyá Olùkọ́. "Ọkọ̀ ńlá ni yóò wá gbé yín ní Mọ́ńdè. Ṣé o ti wọ ọkọ̀ rí?"

Ọmọ náà mi orí. Inú rẹ̀ dùn, omi ọsàn ń ṣàn ní àgbọ̀n rẹ̀.

Ọkọ̀ alábẹ̀wò lọ. Àwọn ọmọ àyálò gba inú àpáta padà, wọ́n ń pariwo, aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ òkè ṣì wà lọ́rùn wọn. Aṣọ àgbàbọ̀ kì í yẹni, ohun ẹni ní í bá ni mu: ẹnu Ìyá Olùkọ́ ni òwe yìí ti máa ń jáde sí àwọn ọmọ. Kò jáde lónìí.

"Màmá àgbà, níbo wá ni ilé wa?"

Ọmọ náà dúró níwájú máàpù. Ìyá Olùkọ́ di ìka rẹ̀ mú, ìka tó rọ̀, tí eruku ìgbálẹ̀ ṣì wà ní èékánná rẹ̀, ó gbé e lọ sí apá òkè odò, níbi tí ọ̀nà ti pẹ̀ka.

"Ibí ni."

Ọmọ náà sún mọ́ ọn. Ìka àwọn ọmọ ọlọ́mọ ti ha ojú ibẹ̀ kúrò. Ìwé funfun lásán ló kù.

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, Màmá."

Ìyá Olùkọ́ kò tíì fi ìka náà sílẹ̀.