Àga Pupa Lẹ́nu Àbúrò

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ ń bá a. Ti Ayàwòrán kò tilẹ̀ tíì dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí ìyá rẹ̀ fi na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà.

“Ta ló ki ata bọ àbúrò rẹ lẹ́nu?”

Ọ̀la ni wọn yóò ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú ìyá náà. Kí wọ́n tó di ojú ọ̀hún, fọ́tò kan ló ń fẹ́ rí: òun láàárín, ọmọ kan lọ́tùn-ún, ọmọ kan lósì. Ṣùgbọ́n ó ti pé ọdún méjì tí àwọn ọmọ méjèèjì ti bára wọn sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn, láti ọjọ́ tí àbúrò ti sọ lójú àwọn àna pé irọ́ ni ẹ̀gbọ́n òun ń fi ẹ̀rọ pa jẹun. Ni Ayàwòrán bá ya fọ́tò òun àti ìyá rẹ̀ lórí àga pupa gbọọrọ, ó wá gbé fọ́tò àbúrò lé e lórí, èyí tó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun níwájú ògiri funfun. Ó ní kí ẹ̀rọ mú ohun tó bá dúdú, kí funfun pòórá. Ògiri lọ lóòótọ́. Ṣẹ́ẹ̀tì bá a lọ. Eyín náà kò gbẹ́yìn; pupa àga ló yọ sí àyè wọn.

“Adúmáadán ọmọ mi,” ìyá ń kì í lọ, “eléyín funfun bí òwú…” Ó sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà. “Òwú ọ̀hún dà?”

“Ẹ ní sùúrù, Màámi.”

“Sùúrù kẹ̀? Àga ti gbé ọmọ mi mì, orí ló kù!”

Ayàwòrán gbàdúrà sínú, ó yí ọwọ́ padà: funfun ni kí ẹ̀rọ mú wàyí, kí ohun tó dúdú jù lọ pòórá. Eyín padà, ṣẹ́ẹ̀tì padà. Ṣùgbọ́n irun ti lọ, pupa àga sì yọ lórí àbúrò bí ogbe àkùkọ.

“Olúwa o! Ìgbà wo ló kun irun?”

Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú tí wọn yóò ṣiṣẹ́ abẹ fún.

Ó kù kí Ayàwòrán fi ọwọ́ gé àwòrán àbúrò yí ká, bó ṣe ń ṣe fún oníbàárà. Ó di máòsì mú, kò tẹ̀ ẹ́. Ó ṣe é bí ẹni pé ọdún méjì gbáko lòun náà ti ń mú dúdú àbúrò òun, tí òun ń jẹ́ kí funfun rẹ̀ pòórá.

Ó gbé fóònù.

“Ta ló kú?” ni àbúrò fi dáhùn.

“Kò sẹ́ni tó kú. Jọ̀ọ́, wá jókòó ti Màámi kí ilẹ̀ tó ṣú. Aṣọ tó bá wù ọ́ ni kí o wọ̀.”