Kò Sẹ́ni Tó Kú Nínú Ìwé Ìyàwó Mi

Aago ni mo ń tún ṣe jẹun. Iṣẹ́ náà ò fẹ́ kéèyàn gbójú sókè rárá. Tí mo bá ti fi dígí kékeré yẹn há ojú ọ̀tún mi, tí mo sì ti ṣí ẹ̀yìn aago, mi ò sí láyé mọ́ nìyẹn. Bí mo bá sín pẹ́nrẹ́n, nọ́ọ̀tì kan tí kò tó orí abẹ́rẹ́ á fò sábẹ́ àga, á sì di kí àgbàlagbà máa fi orúnkún rìn kiri ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìyàwó mi ló ń bá mi kàwé. Á gbé àga rẹ̀ sẹ́bàá fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, á gbẹ́sẹ̀ lé àpótí, á máa kà á sókè, èmi á máa gbọ́, ọwọ́ mi á máa ṣiṣẹ́. Bí a ṣe lo ayé wa pọ̀ nìyẹn, mi ò sì jowú ẹnikẹ́ni.

Kò síwèé tí kì í kà. Òní ìwé ìfẹ́, ọ̀la ìwé bí wọ́n ṣe ń sin oyin, lẹ́yìn ìyẹn ìtàn ogun, lẹ́yìn ìyẹn ìwé nípa ìràwọ̀. Obìnrin yìí ti gbé mi dé ojú òkun, ó ti gbé mi wọ ihò tí wọ́n ti ń wa góòlù, ìdí mi ò sì kúrò lórí àga. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bó bá rí ìwé tí wọ́n fi ń ṣàlàyé ẹ̀rọ ìfọṣọ, á kà á fún mi. Ó ní òun ti kà á fún mi rí, èmi ni mo sùn lọ.

Nígbà tí kò sí mọ́, ṣọ́ọ̀bù pa lọ́lọ́. Ẹ má sọ fún mi pé aago ń dún níbẹ̀. Wọ́n ń dún lóòótọ́, wọn ò bá mi sọ nǹkan kan ni. Ohun tó wá dẹ́rù bà mí ni pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé ohùn rẹ̀. Mo rántí ojú rẹ̀, mo rántí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àpótí, àmọ́ tí mo bá dijú kí n lè gbọ́ ọ, ohùn obìnrin mìíràn ni mò ń gbọ́, ti ará àdúgbò kan ṣáá. Mo ní, obìnrin yìí mà tún fẹ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ni mo bá pinnu. Mo máa ka gbogbo ìwé tó wà lórí pẹpẹ rẹ̀, láti ọwọ́ òsì dé ọwọ́ ọ̀tún. Mi ò ní fo ọ̀kan, mi ò sì ní ṣa èyí tó bá wù mí. Sókè ni mo máa kà á, lórí àga tirẹ̀. Mo gbà pé ohùn rẹ̀ á ṣì wà nínú wọn níbì kan, bí òórùn èèyàn ṣe máa ń wà lára aṣọ tó bọ́ sílẹ̀.

Onígbàjámọ̀ tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tèmi, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ẹnu-Ò-Sinmi, yọrí lójú fèrèsé lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ mi, ìdánwò wo lo fẹ́ ṣe?"

"Lọ fá orí oníbàárà ẹ, jẹ́ kí n gbádùn."

"Ìwé nípa eegun ara! Ìwọ tó ò ka nǹkan kan rí ju nọ́ńbà ojú aago lọ?"

"Mò ń ka ojú ìwọ náà báyìí. Ìsọkúsọ ló kún ibẹ̀."

Kí n má purọ́, ìwé kíkà ò rọ̀ mí lọ́rùn. Ahọ́n mi wúwo. Ìwé eegun fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, èyí tó sì tẹ̀ lé e, tó ń sọ̀rọ̀ nípa òfin ilẹ̀ àti ààlà, mo bú ẹni tó kọ ọ́, mo bú ẹni tó tẹ̀ ẹ́, mo sì kà á tán. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹnu mi là. Ìgbà tí oòrùn bá ti yí dé orí tábìlì iṣẹ́ mi ni mo máa ń kà jù, lásìkò tí oníbàárà kì í wá. Oorun á fẹ́ gbé mi, kò sì ní gbé mi tán. Ìwé tí mò ń kà àti èyí tí ìyàwó mi ti kà fún mi láyé ọjọ́sí á wá wọnú ara wọn. Oyin á máa gba ẹ̀yìn aago wọlé, wọn á dúró síbẹ̀, wọn á máa bá mi yí i. Òkun á rọra wọ abẹ́ ilẹ̀kùn, á gòkè dé kókósẹ̀ mi, kò sì ní tutù. Àwọn tí mo mọ̀ nínú ìwé á máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn á máa kí mi kú iṣẹ́.

Àtukọ̀ kan wà láàárín wọn tí mo fẹ́ràn jù. Òun ló máa ń wá lemọ́lemọ́, aṣọ rẹ̀ á máa kán tótó, á gbé aago rẹ̀ síwájú mi.

"Ọ̀gá, omi tún ti wọ̀ ọ́."

"Ṣé ìwọ kì í bọ́ aago kó o tó bọ́ sómi ni?"

À á rẹ́rìn-ín. Mo mọ ìtàn rẹ̀ dénú. Ọkọ̀ rẹ̀ rì, ó di pákó mú, ó lúwẹ̀ẹ́ dé èbúté, ó fẹ́ ọmọ oníbúrẹ́dì, ó sì sanra. Mo ti bá oníbàárà jà rí nítorí rẹ̀. Tíṣà kan ló gbé aago wá, ó rí ìwé náà lọ́wọ́ ìyàwó mi, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Áà, ikú ọkùnrin yẹn dùn mí o." Mo gbójú sókè lẹ́nu iṣẹ́, ohun tí n kì í ṣe. Mo ní ikú ta ni, ẹni tó wà láyé tó ń jẹ búrẹ́dì lọ́fẹ̀ẹ́! Tíṣà ní ó bómi lọ. Mo ní kò ka ìwé náà tán ni. Ó ní òun fi ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé. Mo ní àánú àwọn ọmọ náà ṣe mí. Ìyàwó mi ti dìde, ó ní kí Tíṣà wá gba omi tútù mu níta, mo sì gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Nígbà tí Tíṣà padà wọlé, ojú rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó ní kí n má bínú, òun ló ṣì í kà. Mo ní kò tọ́pẹ́.

Àsìkò wá tó tí ìwé àtukọ̀ kàn lórí pẹpẹ. Mo fi ìdùnnú mú un. Mo gbẹ́sẹ̀ lé àpótí, mo gbóhùn sókè. Ọkọ̀ rì. Ó di pákó mú. Ọwọ́ rẹ̀ kú tipiri, ó sì jọ̀wọ́ pákó náà. Ojú ìwé tó tẹ̀ lé e ń sọ̀rọ̀ nípa òjò.

Mo rò pé ewé ìwé méjì ló lẹ̀ mọ́ra. Mo fi dígí iṣẹ́ mi sójú, mo yẹ etí rẹ̀ wò, bí ẹni ń wá ìdọ̀tí nínú aago. Kò sí nǹkan tó lẹ̀. Mo ka ìwé náà dé ẹ̀yìn, mi ò rí oníbúrẹ́dì, mi ò rí ọmọ rẹ̀. Ìyàwó mi ló fi ẹnu ara rẹ̀ bí ọmọ yẹn, ó sì fi fún ọkùnrin náà kó má bàa kú létí mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, àtukọ̀ wá, àmọ́ kò wọlé. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí.

"Ṣé òótọ́ ni pé o ti kú?" mo bi í.

"Ó ti pẹ́, ọ̀gá. Kẹ́ ẹ tó gbéyàwó ni."

"Kí lo wá ń bọ̀ níbí fún?"

"Ìyàwó yín ló máa ń pè mí."

Mo ń kà lọ, inú sì ń bí mi. Mo dé orí ìwé oyin: àwọn akọ oyin tí ìyàwó mi sọ pé wọ́n rìnrìn àjò nígbà òtútù, àṣé ńṣe ni wọ́n lé wọn síta kí wọ́n lọ kú. Àwọn ọ̀gágun tó ní wọ́n jókòó, wọ́n parí ìjà, wọ́n mu tíì, kò sí tíì níbẹ̀. Kódà ìràwọ̀! Ó sọ fún mi pé ìràwọ̀ máa ń sinmi ni. Ìwé ní wọ́n máa ń kú, wọ́n á sì dúdú. Mo ní, kí ni mo fi ìràwọ̀ ṣe tó o fi ń fi ikú rẹ̀ pa mọ́ fún mi?

Ọmọ wa obìnrin gbé oúnjẹ wá lọ́jọ́ kan. Nọ́ọ̀sì ni, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Bàámi, kí ló ṣe ojú yín?"

"Àtukọ̀ yẹn kú."

Kò yà á lẹ́nu. Ó gbé oúnjẹ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ẹ ti kà á débẹ̀ nìyẹn."

"O mọ̀?"

"Ilé kan náà la jọ gbé, Bàámi. Tí Màámi bá fẹ́ kàwé fún mi ní kékeré, wọ́n á kọ́kọ́ bi mí pé, 'Èwo lo fẹ́, ti inú ìwé ni àbí ti bàbá ẹ?' Ti inú ìwé ni mo máa ń mú. Tiyín dùn, àmọ́ gbogbo èèyàn ibẹ̀ ló ń ṣègbéyàwó."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Kò tíì jáde lẹ́nu mi tó fi pòórá. Mo rántí ọ̀sán ọjọ́ kan tí ìyàwó mi ti ilé ìwòsàn dé. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́, dígí wà lójú mi, mi ò gbójú sókè tí mo fi bi í ní ohun tí dókítà wí. Ohùn tó fi ń kàwé náà ló fi dáhùn.

"Ìyá ẹ sọ fún mi pé dókítà ní àárẹ̀ lásán ni," mo wí. "Èwo nìyẹn?"

Ó ń wo ilẹ̀.

"Mo ní èwo nìyẹn?"

"Tiyín ni, Bàámi."

Mo ní kó jáde. Mo sọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí bàbá sọ sọ́mọ, pé òun àti ìyá rẹ̀ sọ mí di ọmọ ọwọ́, pé wọ́n jẹ́ kí n máa pààrọ̀ okùn aago nígbà tí obìnrin náà ń kú lọ lójú mi. Ó sunkún, ó gbé àwo tó ṣófo ti ọjọ́ tó ṣáájú, ó lọ. Kò padà wá.

Mi ò dẹ́kun àtikàwé, torí pé alágídí ni mí. Mo kà, mo kà, títí pẹpẹ fi ku ìwé kan ṣoṣo. Ìwé náà ni ìyàwó mi ń kà fún mi kẹ́yìn. Obìnrin kan ló ń tọ́jú iná orí ilé gíga kan létí òkun, èyí tí ọkọ̀ fi ń mọ ọ̀nà lókùnkùn. Àìsàn dá a wó, àbúrò rẹ̀ sì wa ọkọ̀ lọ pe dókítà. Ibẹ̀ la bá a dé. Mi ò lè ṣí i. Mo máa ń gbé e lé itan, mo máa ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Kò séèyàn tó tún wọlé lọ́sàn-án mọ́, òkun ti padà sílé rẹ̀, ohùn tí mo tìtorí rẹ̀ kàwé láti òpin kan dé òpin kejì ò sì tíì wá.

Ẹnu-Ò-Sinmi ló wọlé tọ̀ mí wá. Ó jókòó, ó dákẹ́, ẹ̀rù bà mí.

"Ọmọ ẹ ń gba ibí kọjá lójoojúmọ́," ó wí níkẹyìn. "Tó bá dé iwájú ìsọ̀ ẹ, á rọra rìn, á wá tún sáré. Mo ti gbìyànjú kí n má sọ ọ́. Ó ti rẹ̀ mí."

Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa lójú ọ̀sán gangan. Mo ki ìwé náà sábẹ́ abíyá, mo rìn dé yàrá tí ọmọ mi ń gbé lẹ́yìn ilé ìwòsàn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ó ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná nínú báàfù. Nígbà tó rí mi, ó fẹ́ dìde kúnlẹ̀, omi dà sílẹ̀. Mo ní kó jókòó. Mo na ìwé sí i.

"Bá mi kà á."

Ó wo ìwé, ó wò mí. "Èwo, Bàámi?"

"Ti inú ìwé."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó wá ibẹ̀ rí, ó bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ni, ohùn ọmọ mi, kò jọ ti ìyá rẹ̀. Àbúrò obìnrin inú ìwé náà rí dókítà, wọ́n wakọ̀ padà, ìgbì ń gbé wọn sókè, wọ́n ń wo iná náà tó ń jó lókè. Wọ́n gun àtẹ̀gùn. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ló dúró. Ó gbé itọ́ mì, ó mí díẹ̀, ó ní, "Nígbà tí wọ́n dé ìdí bẹ́ẹ̀dì…" ó sì tún dúró.

Mo gbọ́ ọ. Ìyàwó mi ni. Bó ṣe máa ń ṣe gan-an nìyẹn tó bá kù díẹ̀ kí ẹnì kan kú, á gbé itọ́ mì, á mí, á fà á, èmi á sì rò pé ó ń ṣí ewé ìwé ni. Gbogbo ohùn rẹ̀ wọlé tẹ̀ lé e, bó ṣe ń rẹ́rìn-ín ní imú, bó ṣe ń pe orúkọ mi nígbà tí oúnjẹ bá délẹ̀. Mo di etí báàfù mú.

"Máa kà á," mo wí. "Má gbà á là."

Ó kà á. Obìnrin náà ti kú kílẹ̀ tó mọ́.

"Ó ti kú," mo wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàámi. Wọ́n ti kú."

Mi ò tíì sọ ọ́ jáde rí, láti ọjọ́ tó ti ṣẹlẹ̀. Omi bọ́ lójú mi, mi ò sì nù ún. Mo bi í ní ohun tí mo ti fẹ́ bi í tipẹ́, pé ṣé ìyá rẹ̀ jẹ̀rora. Ó gbé ìwé sórí itan rẹ̀, ó wò mí lójú.

"Wọ́n jẹ̀rora gan-an. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n dùbúlẹ̀ sílé. Wọ́n ní àwọn ò lè dùbúlẹ̀, pé ẹ ń dúró de ìwé."