Ọ̀gágun Kò Tíì Dorí Kodò

Láti ọjọ́ tí oyún mi ti wọ oṣù kẹsàn-án, mi ò mọ ibi tí oorun parí sí àti ibi tí ojú lílà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́. Mo lè máa rán àpò ìrọ̀rí lọ lórí máṣíìnì, kí n gbójú sókè, kí n rí ọkọ mi lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà sójà rẹ̀ lọ́wọ́, kó rẹ́rìn-ín sí mi. Kọ́tìnì á fẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kò ní sí ẹnì kankan níbẹ̀ mọ́. Kì í bà mí lẹ́rù. Màá ní, "Ẹ káàbọ̀ o," màá sì máa bá iṣẹ́ mi lọ.

Kọ́púrà ni ọkọ mi nínú iṣẹ́ sójà. Ó ti tó oṣù márùn-ún tí wọ́n ti kó wọn lọ sí ààlà, ó sì ku oṣù méjì kí wọ́n tó dá wọn padà. Kó tó lọ ló ti sọ ọmọ inú mi ní Ọ̀gágun. Ó ní òun ò lè dé ipò yẹn láyé òun, kí ọmọ kúkú bá òun gbà á láti inú wá. Gbogbo Sọ́ńdè, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n máa ń fún oníkálukú wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́rin lórí fóònù. Ìṣẹ́jú mẹ́rin! Kí èèyàn tó béèrè pé ṣé ara le, ó ti ku méjì.

Wàhálà tó wà nílẹ̀ nìyí. Agbẹ̀bí tó ń tọ́jú mi fọwọ́ tẹ ikùn mi, ó tẹ̀ ẹ́ lókè, ó tẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀.

"Ìjókòó ló jókòó o, màdáámù. Kò tíì dorí kodò. Tí kò bá yí títí Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, iṣẹ́ abẹ la máa fi gbé e."

Ẹ gbà mí o! Gbogbo ayé ló ń gbàdúrà kí nǹkan àwọn má dorí kodò. Èmi nìkan ló ń bẹ Ọlọ́run pé kí tèmi tètè dorí kodò. Iṣẹ́ abẹ ń bà mí lẹ́rù. Kì í ṣe ọ̀bẹ gan-an ni mò ń bẹ̀rù. Pé kí n jí, kí n máa wá ojú kan ṣoṣo nínú yàrá yẹn, kí n má sì rí i, òun ni mi ò lè rò láì sunkún.

Mi ò sọ fún ọkọ mi. Ìyàwó ọ̀gá wọn ti kìlọ̀ fún wa pé sójà tí ọkàn rẹ̀ bá wà nílé kì í rí iwájú dáadáa. "Dáadáa ni" ni mo máa ń dáhùn sí gbogbo ìbéèrè. Ìyá ọkọ mi, tó wá ń gbé lọ́dọ̀ mi, nìṣòro. Èèyàn gidi ni, ó ń fọṣọ, ó ń gbálẹ̀, kì í jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ mú abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ní ìlẹ̀kùn. Ní Sọ́ńdè yẹn, mo ń sọ pé kò séwu lọ́wọ́, ló bá ti ẹ̀yìn mi pariwo sínú fóònù:

"Irọ́ ló ń pa fún ẹ o! Ọmọ ẹ jókòó ni, kò fẹ́ dorí kodò, wọ́n ní àwọn máa la ikùn ẹ̀!"

Ká tó ṣẹ́jú pẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́rin ti pé. Fóònù já.

Mo wo ìyá náà. Ó wo ilẹ̀. "Ó bọ́ ni, ìyàwó mi."

"Ẹyin lohùn, Màmá," ni mo dáhùn, mo sì wọ yàrá lọ sunkún. Inú bí mi débi pé mi ò jẹun alẹ́. Ọkọ mi á wá gbé ọ̀rọ̀ yìí sáyà rìn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Ọ̀sẹ̀ náà gùn. Mò ń rán àpò ìrọ̀rí. Òdì aṣọ la máa ń rán an. Tó bá parí, a ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ dé igun, a ó yí i síta. Bí mo bá ti yí ọ̀kan, màá sọ fún ikùn mi pé, "Ṣé ẹ rí i, Ọ̀gágun? Kò le." Orí rẹ̀ kàn le koko lábẹ́ ìhà mi.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, oòrùn gba inú kọ́tìnì funfun wọlé, mo sì sùn lọ lórí àga. Mo rí yàrá wa, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kún un dé àjà. Ọmọ kan jókòó lórí àpótí láàárín rẹ̀, ó káwọ́ gbera bí ọ̀gá tó ń retí kí wọ́n wá kí òun. Bàtà sójà ọkọ mi léfòó kọjá níwájú rẹ̀, ẹsẹ̀ kan, lẹ́yìn náà èkejì. Ọmọ náà tẹ̀ síwájú kó lè wo inú bàtà. Ó tẹ̀ sí i, ó tún tẹ̀ sí i, títí orí rẹ̀ fi wọ inú ibẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì nà sókè. Ẹ̀rín ni mo fi jí. Gbogbo ikùn mi ń mì, mo sì di máṣíìnì mú kí n má bàa ṣubú.

Lọ́jọ́ kejì, agbẹ̀bí tẹ ikùn mi lẹ́ẹ̀mejì, ó bú sẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe délé ni mo kígbe láti ẹnu géètì: "Màmá! Ó ti dorí kodò!"

Ìyá ọkọ mi, tí ọkàn rẹ̀ wà ní ààlà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, ju ìgbálẹ̀ nù, ó káwọ́ lérí. "Yéè! Mo gbé! Ta ló kú?"

Mo ṣe àlàyé títí kó tó yé e. Ìgbà tó yé e, ó jó yí máṣíìnì mi ká.

Sọ́ńdè dé. Mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu. Fóònù dún, ṣùgbọ́n kí n tó lanu, ọkọ mi ti bẹ̀rẹ̀.

"Má sọ nǹkan kan. Mi ò sùn lọ́sẹ̀ yìí. Mo rò ó títí, mi ò rí ohun tí mo lè ṣe láti ibí ju ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe lọ. Gbé fóònù lé ikùn ẹ. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń dánra wò láti àárọ̀. Màá pàṣẹ fún un kó yí."

Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi, mo gbé e mì. Ọkùnrin yìí kò sí níbẹ̀ nígbà tí ọmọ kọ́kọ́ mira, kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ mi wú. Ohun kan ṣoṣo tó wá rí ṣe rèé, ṣé kí n sọ fún un pé ó ti pẹ́ jù? Ìyá ọkọ mi ti lanu. Mo wò ó. Ó fi ìró di ẹnu ara rẹ̀.

Ìgbà yẹn gan-an lẹ̀rù bà mí. Ọmọ tó ti yí, tí bàbá rẹ̀ bá tún ní kó yí ńkọ́? Lóòótọ́, ọ̀gágun kì í gbàṣẹ lẹ́nu kọ́púrà, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ dán an wò? Mo fa ìrọ̀rí kan, mo gbé fóònù lé e lórí, mo sì sún sẹ́yìn.

"Ọ̀gágun!" Ohùn náà gba gbogbo yàrá. "Yí... padà!" Bàtà bíi ogún lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìrọ̀rí ò mira.

"Ṣé ó yí?"

Mo gbé fóònù sétí. "Ó yí," ni mo wí. "Ó ti dorí kodò."

Ariwo sọ lọ́hùn-ún. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá a lẹ́yìn. Nígbà tó padà sórí fóònù, ẹkún ló ń sun. "Èmi náà ṣe nǹkan kan," ó ní. "Ṣé o rí i? Èmi náà ṣe nǹkan kan."

"Ẹ̀yin lẹ ṣe é," mo ní. "Ó ku ìṣẹ́jú kan. Ẹ wá sọ fún un kó dúró bẹ́ẹ̀, kó má tún yí."

Lọ́tẹ̀ yìí, ikùn mi gan-an ni mo gbé fóònù lé.

"Ọ̀gágun," ó ní. Kò pariwo mọ́. "Dúró." Ó tún ní, "Jọ̀ọ́, dúró dè mí."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù fún ọmọ, oṣù méjì ló kù fún bàbá. Àwa méjèèjì la mọ̀ ọ́n, kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Fóònù já. Ìyá ọkọ mi mú ìró kúrò lẹ́nu, ó sì fi nu ojú. Mi ò gbé fóònù náà kúrò, ọmọ sì dúró jẹ́ẹ́ lábẹ́ rẹ̀.