Ọpọlọ Tó Kọ́kọ́ Ń Kíni Kó Tó Ké

Ọkàn Zorka ò balẹ̀ rárá. Ẹ̀rọ méjì ló wà lórí tábìlì rẹ̀ ní ìlú Niš, irú èyí tí àwọn awakùsà èédú ń fi kọ́ àyà, tó máa ń ké bí gáàsì tó lè gbiná bá rú nínú ihò. Ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n, ọpọlọ kọ̀ǹpútà inú wọn ló yàtọ̀. Zorka ló máa fọwọ́ sí èyí tí ilé iṣẹ́ wọn á tà lónìí, Miloje àbúrò rẹ̀, awakùsà, sì wà lára àwọn tó máa gbé e wọlẹ̀.

Ọpọlọ ńlá ló wu Radivoje, ọ̀gá wọn, nítorí ó ń gbé àwòrán aláwọ̀ mèremère jáde lójú ẹ̀rọ.

"Ta ló máa ra kékeré yìí, tí kò lè ya àwòrán kan ṣoṣo?" Ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí kọfí rẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ti tán.

"Ọ̀gá, abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fádìyẹ. Kékeré yìí tètè ń jí," ni Zorka wí.

"Ṣé oorun la fẹ́ tà ni?"

Èyí tó wá dun Zorka jù ni pé Miloje, tí wọ́n ní kó wá wo àwọn ẹ̀rọ náà, bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ńlá yìí mà dáa o! Ó ń kí wa ní 'Srećno', bá a ṣe ń kíra wa ká tó wọ ihò!"

"Èmi ni mo ní kí wọ́n fi sí i," ni Radivoje wí, ó wú fùkẹ̀.

Haà! Ọmọ ìyá ẹni kó máa fẹnu ara rẹ̀ yan ikú! Inú bí Zorka. Ó jẹ́ kí ẹ̀rọ méjèèjì sùn, bí wọ́n ṣe máa ń sùn nínú ihò kí bátìrì má baà tètè tán. Ó gba láítà Miloje, kò ṣáná, ó tú gáàsì inú rẹ̀ sí wọn.

Kékeré ta jí, ó figbe bọnu. Ńlá rọra lajú. Àmì ilé iṣẹ́ kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà, "Srećno".

"Ẹ yọ ìkíni yẹn kúrò," ni Radivoje wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Kì í ṣe ìkíni ló ń dá a dúró, ọ̀gá. Ẹrù rẹ̀ ló pọ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ jí kó tó gbóòórùn. Bí kò bá sì sùn, bátìrì á kú kí wọ́n tó jáde."

Ẹ̀rín ti kúrò lójú Miloje. Ó gbé ńlá, ó fi kọ́ ọ̀gá láyà.

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká jọ wọlẹ̀ lọ́la, ẹ̀yin ẹ gbé èyí."

Radivoje na ọwọ́ láti bọ́ ọ. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rọ tó wà láyà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké.