Ìpè Níwájú Ilé Rejoice

“Ìyá, ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ máa ń pe èèyàn lọ́sẹ̀?” Kingsley bi í.

“Èmi? Ẹ̀ẹ̀kan, bó bá pọ̀ jù. Ọmọ mi kan ṣoṣo ni mo fẹ́ máa pè.” Moríkẹ́ gbé fóònù tọ́ọ̀ṣì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà sórí káńtà. “Síìmù wo ló máa bá mi mu?”

Kingsley, tó ń ta fóònù nítòsí èbúté Ìgbókọ̀dá, to síìmù méjì síwájú rẹ̀. Ó ní èyí àkọ́kọ́ ló dára fún ẹni tí kì í pè púpọ̀. Bí èèyàn kò bá tiẹ̀ fọwọ́ kàn án fún oṣù mélòó kan, owó inú rẹ̀ kò ní bọ́, ó sì ń mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáadáa ní Awóyè, títí dé inú yàrá. Èkejì ń jẹ owó jù ú lọ, ẹni tí kò bá sì tètè lo owó ìpè rẹ̀ ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn.

“Ṣé èkejì náà ń mú ní Awóyè?”

Kingsley rẹ́rìn-ín. “Ẹ má fowó ra wàhálà, mà. Àwọn ará Awóyè tó ń lò ó ní ojú kan ṣoṣo ló ti ń mú, lórí afárá pákó tó wà níwájú ilé obìnrin kan. Rejoice ni wọ́n pe orúkọ ẹ̀.”

Moríkẹ́ mọ̀ ọ́n dáadáa. Aládùúgbò rẹ̀ ni Rejoice. Nọ́ńbà Rejoice ni Fẹ́yìsayọ̀, ọmọ Moríkẹ́, máa ń pè láti Wárì, Rejoice á sì wá jíṣẹ́ fún ìyá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ń rí kí wọ́n tó jà. Rejoice ní èéfín ibi tí Moríkẹ́ ti ń yan ẹja ń wọ yàrá òun, Moríkẹ́ sì ní kó gbé yàrá rẹ̀ lọ síbòmíràn. Láti ọjọ́ náà, Rejoice kò jíṣẹ́ kankan mọ́. Fẹ́yìsayọ̀ bímọ, wọ́n sọ ọmọ lórúkọ, ìyá rẹ̀ kò gbọ́. Àbúrò ọkọ Fẹ́yìsayọ̀ tó wá ra ẹja ló bi í lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí ló dé tí kò wá síbi ìkómọ. Lẹ́nu àlejò ni Moríkẹ́ ti gbọ́ pé ọmọ-ọmọ òun ń jẹ́ Ọpẹ́fólúwa. Ó sunkún lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹkún ọ̀hún ti di ìbínú. Ó fẹ́ kí ojú ti Rejoice, kó sì tì í níwájú èèyàn.

“Èkejì yẹn ni mo fẹ́,” ó wí.

“Ìyá, ṣebí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé fún yín ni.”

“Mo gbọ́ àlàyé ẹ. Fi sínú fóònù fún mi.”

Ẹ̀rọ ìtẹ̀ka tí wọ́n fi ń forúkọ síìmù sílẹ̀ kọ àtàǹpàkò rẹ̀, torí iná ẹja ti jẹ ojú ìka rẹ̀ tán. Ìka mìíràn ló tó gbà. Kó tó kúrò níbẹ̀, ó ní kí Kingsley fi bọ́tìnnì tí gbogbo èèyàn fi ń gbọ́ ìpè han òun.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, nígbà tí àwọn apẹja ti wọlé, Moríkẹ́ lọ dúró síwájú ilé Rejoice. Bàbá Ísákì ń tún àwọ̀n ṣe níbẹ̀, obìnrin méjì sì jókòó tí wọ́n ń retí kí Rejoice yá wọn ní fóònù.

Rejoice yọjú ní fèrèsé. “Ìyá Fẹ́yì, kí lẹ ń wá lójúlé mi?”

“Ojúlé ẹ kẹ̀? Afárá ìlú ni mo dúró lé. Gbogbo wa la dáwó pákó ẹ̀. Bó o bá fẹ́ lé mi, bọ́ sómi kó o lọ kan tìẹ.”

Àwọn obìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu. Moríkẹ́ tẹ nọ́ńbà ọmọ rẹ̀.

“Ta nìyẹn?” Ohùn Fẹ́yìsayọ̀ ni.

“Iye ẹ ni, ìyá tó bí ẹ.”

“Ṣebí ẹ ní kí n má pè yín mọ́?”

Moríkẹ́ ti rò pé Rejoice kàn kọ̀ láti jíṣẹ́ ni, kò mọ̀ pé ó tún fi irọ́ rọ́pò iṣẹ́. Ó tẹ bọ́tìnnì tí Kingsley fi hàn án.

“Tún un sọ, ọmọ mi. Ta ló ní mo sọ bẹ́ẹ̀?”

“Àǹtí Rejoice.” Ohùn náà gba gbogbo orí afárá kan. “Wọ́n ní ẹ ní ọwọ́ yín dí, pé èmi kọ́ ni mo máa kọ́kọ́ bímọ láyé. Títí a fi sọ ọmọ lórúkọ ni mo ń wo ọ̀nà yín, Iye.”

Bàbá Ísákì fi àwọ̀n sílẹ̀. “Rejoice! Iṣẹ́ tí wọ́n bá rán ni là ń jẹ́. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lo ṣe bẹ́ẹ̀ fún?”

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà dìde. “Oyún ọmọ tèmi náà ti ń súnmọ́ ìkúnlẹ̀, nọ́ńbà Rejoice ló sì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ìyá Fẹ́yì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní tiyín.”

Rejoice ti jáde síta. Ó kúnlẹ̀ sórí pákó, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. “Ẹ má bínú, mà. Ẹ pa fóònù yẹn, ká wọlé lọ sọ ọ́.”

Moríkẹ́ wo orí rẹ̀ tó tẹ̀ ba. Ó dùn mọ́ ọn, kò sì tijú pé ó dùn mọ́ òun. Ó na fóònù sí i lẹ́nu.

“Sọ ọ́ sókè. Ọmọ mi ò gbọ́ ẹ.”

Rejoice bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Fẹ́yìsayọ̀ sókè. Owó ìpè ń jó lọ. Moríkẹ́ jẹ́ kó máa jó.