Àgékù Aṣọ Pupa Mẹ́jọ

Ọdún mẹ́ta kí kùrukùru tó ká aránṣọ mọ́ orí òkè, kò lè gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀ láìdúró mí. Ìdí ẹ̀rọ ló ń jókòó sí láti àárọ̀ di alẹ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú bíi búrẹ́dì. Nọ́ọ̀sì kan tó máa ń gbé aṣọ wá fún un rán ló sọ fún un pé, "Ẹ dìde nílẹ̀, kẹ́ ẹ máa rìn, kí ìjókòó má baà pa yín." Ó gbọ́. Sálúbàtà ló wọ̀ lọ sí òkè kékeré ẹ̀yìn ìlú, ó tún gbé báàgì òde kọ́ apá, àfi bí ẹni ń lọ kí àna. Kò dé ìdajì tó fi jókòó sórí òkúta, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àwọn arúgbó tó ń kọjá lọ sókè ń kí i kú ewu.

Ṣùgbọ́n díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Òkè kékeré di òkè ńlá, ìrìn wákàtí kan di ti ọjọ́ mẹ́ta. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ rán àpò tó ń gbé kọ́ ẹ̀yìn. Nítorí kí ẹrù lè fúyẹ́, ó gé ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rẹ̀ sí méjì. Téèpù ìwọnṣọ nìkan ni kò lè fi sílé. Ó ní ọrùn òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń wà láìsí i.

Lọ́dún yìí, ọ̀nà ọlọ́jọ́ mọ́kànlá ló dáwọ́ lé, àbúrò rẹ̀ obìnrin sì ní òun á bá a lọ. Ìyá wọn ò jà. Ó kàn wo aránṣọ lójú, ó ní, "Ẹ̀yin méjì lẹ̀ ń lọ. Ẹ̀yin méjì ni mo fẹ́ rí." Ọ̀rọ̀ yẹn wúwo ju gbogbo ohun tó wà nínú àpò lọ.

Òfin kan wà tí aránṣọ fi ń dá àbúrò rẹ̀ lágara: ẹni tó bá ń rìn lórí òkè kì í fi ìdọ̀tí sílẹ̀. Bí àbúrò bá ju èèpo ọsàn nù, á ní kó padà lọ ṣà á.

Ní ọjọ́ kẹfà, omi wọn tán. Ọ̀sán gangan ni, ṣùgbọ́n kùrukùru ti bolẹ̀, wọn ò rí ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Wọ́n ń gbọ́ ìró odò nísàlẹ̀. Aránṣọ ní kí àbúrò dúró ti ẹrù lẹ́bàá òpó tí wọ́n fi sàmì ọ̀nà. Òun wá sọ̀ kalẹ̀, ó ń so àgékù aṣọ pupa mọ́ igi bó ṣe ń lọ, kó lè rí ọ̀nà padà. Mẹ́jọ ló so.

Ó ń pọnmi lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn. Ó yíjú padà. Àbúrò rẹ̀ ni.

"Àǹtí, ẹ má bínú, ẹ̀rù bà mí níbẹ̀. Ó ń ṣe mí bíi pé ẹnì kan ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

"Báwo lo ṣe mọ ibi tí mo gbà?"

"Aṣọ yín ni mo tẹ̀ lé." Ó kọwọ́ bàpò, ó kó àgékù pupa jáde tẹ̀ríntẹ̀rín. "Mo ti bá yín ṣà á. Mi ò fi ìdọ̀tí kankan sílẹ̀."

Aránṣọ wo àwọn àgékù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni yóò bá wí? Òun náà ló kọ́ ọ.

"Mélòó lo ṣà?"

"Méje."

"Mẹ́jọ ni mo so."

Ẹ̀rín kúrò lójú àbúrò. Wọ́n gòkè díẹ̀, gbogbo igi jọra wọn. Ó dá aránṣọ lójú pé apá òsì lòun gbà wá. Ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta síbẹ̀, òkúta kan yọ̀ lábẹ́ bàtà rẹ̀, ó sì yí lọ. Wọ́n tẹ́tí. Wọn ò gbọ́ ibi tó balẹ̀ sí.

Ojú ìyá wọn nìkan ni aránṣọ ń rí. Ó rọra fi ẹ̀yìn rìn padà.

"Jókòó," ó ní. "Ẹni tó bá sọnù, kó jókòó." Ó bọ́ téèpù lọ́rùn, ó so ìpẹ̀kun kan mọ́ ọrùn ọwọ́ àbúrò, ó so ìkejì mọ́ tirẹ̀.

"Àǹtí, ṣé ẹ̀rù ń bà yín?"

Tẹ́lẹ̀ rí, irọ́ ni ì bá pa. "Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Fún mi lọ́wọ́ rẹ."

Wọ́n jókòó títí ìdí wọn fi kú. Aṣọ òtútù wọn wà nídìí òpó, eyín wọn ń lu ara wọn. Àbúrò bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Sun ún, ṣùgbọ́n máa wò," aránṣọ ní. "Bá a bá ń sunkún, à máa ń ríran."

Ó pẹ́ kí afẹ́fẹ́ tó fẹ́ tí kùrukùru ya. Àbúrò ló kọ́kọ́ rí i: pupa kan ń mì lórí igi, lápá ọ̀tún. Lápá òsì, níbi tó dá aránṣọ lójú, ilẹ̀ ti tán. Ọ̀gbun ló kù, ó jìn débi pé àwọn igi ìsàlẹ̀ rẹ̀ dà bí ewébẹ̀. Aránṣọ wò ó lẹ́ẹ̀kan, kò wò ó mọ́.

Wọ́n rá dé ìdí aṣọ náà, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti rí òpó. Àbúrò nawọ́ kó tú u, bó ṣe mọ́ ọn lára. Ó dúró, ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Fi sílẹ̀," aránṣọ ní.

Nígbà tí wọ́n fi gbé ẹrù, oòrùn ti yọ, ọ̀nà sì fẹ̀ tó èyí tí màlúù mẹ́ta lè rìn pọ̀. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó tú téèpù náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe so mọ́ ara wọn, tí wọ́n ń rìn, títí wọ́n fi pàgọ́.